Ojo Kì í Ṣe Òjò

Yìnyín bo àtẹ̀gùn ilé Gbóyèga ní Omaha.
A di ìyá méjì nínú ilé kan,
ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárín wa.
Eustolia, ìyá ìyàwó, wá láti Guatemala,
èmi láti Ìlá.
Ẹ̀rín la fi ń bára wa sọ̀rọ̀.
Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò lè béèrè pé,
kí ló dé tí ẹ so okùn pupa mọ́ ọmọ lọ́wọ́?
Ẹ̀rín kò lè wí pé, àna mi, omi yẹn tutù jù.

Gbóyèga ní, "Màámi, ẹ mú fóònù yín wá.
Ọ̀fẹ́ ni. Wọn ò ní gba kọ́bọ̀."
Ọ̀fẹ́ kẹ̀?
Nílẹ̀ tí ọkọ̀ ti ń sanwó kó tó dúró lójú kan?
Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún,
obìnrin kan tí n kò rí lójú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi.

Èmi tí mo fi bírò pupa máàkì ìwé ọmọ ọlọ́mọ
fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
mo gba mẹ́ta nínú mẹ́wàá.
Mo wẹ̀yìn, bóyá ẹnì kan rí mi.

Aago méjì òru, ọmọ ń fa ìgò wàrà.
Mo ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ etí kan,
mo fi ìkejì sílẹ̀ fún ẹkún.
"Hola," ni obìnrin náà wí.
Ọ̀la ńkọ́? Àbí ọlá? Àbí ọlà?
Ó ní ẹ ǹlẹ́ ni.
Abájọ tí àna mi fi ń rẹ́rìn-ín tó bá pe Morọ́lá:
létí tirẹ̀, ìkíni ni orúkọ ọmọ wa parí sí.
"Sí," bẹ́ẹ̀ ni.
Èmi tí mo mọ kò sí:
kò sí iná, kò sí omi, kò sí owó ìfẹ̀yìntì.
Sí tiwọn kò tíì pàdé kò rí.

Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé já,
Maricela fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí ilé ìkàwé.
Bàbá ará Sudan kan ń kọ́ òfin ojú pópó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
A ń wúyẹ́wúyẹ́ sínú ẹ̀rọ bí ẹni ń gbàdúrà ìkọ̀kọ̀.
Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ "ojo" síwájú mi.
Mo ní, èyí mo mọ̀ ọ́n: òjò ni.
Bí kò bá jẹ́ òjò, ojo ni, ẹni tí ẹ̀rù ń bà.
Obìnrin náà ní rárá, ó pè é ní "oho,"
ó fi àwòrán hàn mí:
ojú.

Ojú!
Ohun tí àna mi ń sọ lórí okùn nìyẹn,
"mal de ojo."
Ojú burúkú. Ojú ayé.
Ojú tí èmi náà fi ń tètè bo ọmọ
bí àlejò bá ti kan ilẹ̀kùn.
Láti ọjọ́ Ajé ni àlùmọ́gàjí ti wà nínú àpò mi
kí n lè rí àyè gé okùn náà.
Mo dá a padà sínú dúrọ́ọ̀.

Lówùúrọ̀, mo fọwọ́ kan okùn, mo fọwọ́ kan ojú mi.
"Ojo," mo wí.
"Sí," ó wí, ọ̀rọ̀ sì tú jáde lẹ́nu rẹ̀.
Mẹ́rin péré ni mo gbọ́:
ọmọbìnrin, òru, kékeré, kú.
Obìnrin inú fóònù ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń béèrè ilé ìtura
àti bíà méjì, ẹ jọ̀ọ́.
Kò tíì kọ́ mi ní pẹ̀lẹ́.
Mo sọ pẹ̀lẹ́ ní Yorùbá, mo tún un sọ.
Ó di ọwọ́ mi mú.

Ó fi ìgúnpá kan omi inú bàsíà.
"Ya," ó wí.
Èmi náà ní, "Ó yá."
A gbé ọmọ sínú omi.

Omi náà ṣì tutù lójú tèmi.
Lálẹ́ òní, màá wá bí wọ́n ṣe ń pe gbígbóná.