Wálé Wo?

Aṣọ ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn níbí,
aṣọ aláwọ̀ ewé tó rọ̀ sórí irin.
Nọ́ọ̀sì ò rí ibi kàn,
ẹnu ló fi ń kàn án: "Kò, kò, kò."
Mo dáhùn láìròtẹ́lẹ̀: "Ta ni?"
Ló bá bú sẹ́rìn-ín bí ẹni pé mo dáṣà.
Mi ò dáṣà.
Ó lé lọ́gọ́ta ọdún tí mo ti ń bèèrè ta ni.

Adégòkè ló sọ fún mi pé eré ni.
Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, eyín iwájú ti ká.
Swansea tó kún fún òkè ni wọ́n bí i sí,
síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ò tíì gòkè lẹ́nu olùkọ́ kankan.
Ó fìka kan irin ibùsùn mi.
"Ta ni?"
"Ewé lẹ́tùsì."
Ìbátan yánrin wa nìyẹn. Mo ní, "Wọlé o, jókòó."
Ó fajú ro. Mo ti ba eré jẹ́:
Màmá, ẹ ò gbọdọ̀ tíì ṣílẹ̀kùn,
ẹ máa kọ́kọ́ bi mí pé lẹ́tùsì wo.
Nínú òjò Swansea yìí?
Kí n dá àlejò dúró, kí n máa bi í níran baba rẹ̀?

Ó wá túmọ̀ ẹ̀: létí òyìnbó,
orúkọ ewé yẹn àti "ẹ jẹ́ ká wọlé", ohùn kan náà ni.
Mo mi orí. Ó yé mi.
Ẹ̀rín tí wọ́n bá túmọ̀, tíì tó ti tutù ni.

Mererid Prosser, ará Wéèsì tó wà ní ibùsùn kejì,
ní lábúlé tiwọn láyé àtijọ́ ẹnìkan kì í kànlẹ̀kùn;
o máa tì í, o máa kígbe pé èmi ni.
Háà! Àwa náà nìyẹn!
Bí ogún èèyàn bá dé, gbogbo wọn ni "èmi ni",
ohùn la fi ń mọ ẹni.
Àfi lóru. Ìyá mi ní ká má tètè dáhùn lóru,
torí kì í ṣe gbogbo "èmi" ni èèyàn.
Mererid rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fún un lómi.

Lóru ọjọ́ náà ìbàdí ò jẹ́ kí n sùn,
mo bá ń wá tiwa.
Òjó ò ṣeé lò, kò bá òjò dọ́gba.
Èdè wa kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjì wọ bàtà kan bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀,
ohùn ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.
Kílẹ̀ tó mọ́, mo ti rí méjì.

Ní Sátidé, èmi ni mo kan irin.
"Ta ni?"
"Adé."
"Adé wo? Èmi ni Adé!"
"A dé, ẹ ṣílẹ̀kùn!"
Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ túmọ̀.
Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín, ìbàdí sì gbà á lára mi.
Mo sọ ìkejì sí i létí,
ó mú un lọ bí ẹni fi súìtì sẹ́nu.

Lónìí dókítà béèrè ibi tí màá gbà lọ:
ilé ọmọ mi, alátẹ̀gùn mẹ́rìnlá,
àbí Ìkìrun, níbi tí kọ́kọ́rọ́ mi
á ti dípẹtà sínú ilẹ̀kùn.
Mo ní mo ṣì ń rò ó.

Nírọ̀lẹ́, aṣọ mì. Ẹnu ló fi kàn án.
"Kò, kò, kò."
"Ta ni?"
"Wálé."
Ó gbé e gòkè, ó sì fi í sílẹ̀ lókè níbẹ̀,
bó ṣe yẹ.
Mo mọ èsì. Èmi ni mo kọ́ ọ.
"Wálé wo?"
"Wálé, Màmá."

Aṣọ ṣì wà láàárín wa.
Mo ń fẹsẹ̀ wá bàtà mi nílẹ̀.