Máìlì Mẹ́sàn-án

Aago méjì òru, agogo pè wá ní Brandvold.
Yìnyín ti di díńgí lójú títì.
Mo wa ọkọ̀ panápaná gba àárín ìlú,
níbi tí ilé alájà mẹ́ta ti fi èjìká ti ara wọn rí,
tí aránṣọ, aṣebàtà àti oníwèé
ń san owó orí lórí ilẹ̀ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.
Wọ́n wó wọn. Ọkọ̀ ló ń sùn síbẹ̀ báyìí,
ọkọ̀ kì í sì í san owó ilẹ̀.

Máìlì kan. Mẹ́ta. Oko àgbàdo ṣú lọ́tùn-ún lósì.
Òpó omi pupa dá dúró lẹ́bàá ọ̀nà
bí ẹni tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀.
Gudrun Tvedt, akápò wa, sọ ọ́ nípàdé ọjọ́ Ìṣẹ́gun:
"Ẹsẹ̀ wa ti dé ibi tí apá wa ò ká."
Wọ́n ní kó jókòó.
Wọ́n tún pín ilẹ̀ sí i.

Máìlì mẹ́sàn-án. Ilé kan ṣoṣo, iná ilé ìdáná ń tàn.
Baba Lindqvist jáde tòun ti sálúbàtà,
búrẹ́dì tó jóná lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ń tì í.
"Ẹ má bínú. Èló ni mo jẹ yín?"

Mo wo ọkọ̀, mo wo àwa mẹ́rin, mo ro ti epo,
mo wo títì tó gùn lẹ́yìn wa.
"Ẹ ò jẹ wá ní kọ́bọ̀, Baba."
Irọ́ ni. Gbèsè wà.
Òun nìkan kọ́ ló jẹ ẹ́.