Barría, R.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ tí nǹkan máa ń tì,
ni wọ́n máa ń lẹ bébà iṣẹ́ mọ́ ògiri
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń to bàtà rọ́bà sí.
Òjò Puerto Montt ò mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ ń parí lọ,
ó ń lu páànù bí ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí òru.
A kóra jọ síwájú bébà,
obìnrin mọ́kànlá, ọkùnrin mẹ́fà,
gbogbo wa ń rùn bí ẹja sàmọ́ọ̀nù,
ìka ń rìn lórí ìlà, ìka ń wá ẹni tó ni ín.

Èmi nìyí. Mansilla, O.
Ajé, òru.
Ìṣẹ́gun, òru.
Ọjọ́rú ló wá rú mi lójú:
aago méje àárọ̀ ni n ó bọ́ ẹ̀wù òru,
aago méje àárọ̀ kan náà ni kí n wọ ẹ̀wù àárọ̀.
Mo bi Ọ̀gá Oyarzún pé ìgbà wo ni kí n sùn.
Ó ní òun kọ́, ẹ̀rọ ló ṣètò rẹ̀.
Ẹ̀rọ ní orí, kò ní ẹnu.
Ọ̀gá ní ẹnu, kò ní etí.
Èmi ni mo ní ẹsẹ̀ tí ń wú.

Láti oṣù tó kọjá ni mo ti tọrọ Àbámẹ́ta yìí.
Yasna ọmọ mi máa gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ní Castro,
omi wà láàárín wa, ọ̀nà sì jìn.
Ọ̀gá ní, "A ó wò ó."
A ó wò ó:
ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tí wọ́n ti wò tán.
Àbámẹ́ta: Mansilla, O., ọ̀sán.

Ìgbà yẹn ni Edelmira gbé ìka lé ìlà ìsàlẹ̀
tí kò sì gbé e kúrò mọ́.
Barría, R. Àbámẹ́ta, ọ̀sán. Tábìlì kẹrin.

Rosamel!
Rosamel tí a sin ní ọjọ́ mọ́kàndínlógún sẹ́yìn,
tí erùpẹ̀ tútù rẹ̀ ṣì wà lára bàtà ìjọ́sìn mi.
Òkú ní iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún.
Òkú ní ìsinmi Ajé àti Ìṣẹ́gun, méjì léra wọn,
ohun tí ojú mi ò rí láti ọdún mẹ́ta.
A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dé ọ̀fun.
Nítorí orúkọ rẹ̀ ni iye wa ṣe pé,
nítorí iye wa pé ni wọn ò ṣe gba ẹlòmíràn,
ẹja rẹ̀ la ti ń là mọ́ tiwa
láìmọ̀ pé òkú là ń bá ṣiṣẹ́.

Oyarzún wo bébà, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.
Ó ní kí a jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí oṣù á fi parí,
pé bí òun bá yọ ẹnì kan, gbogbo rẹ̀ á dàrú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo wọ ọkọ̀ ojú omi.
Edelmira ló dúró ti ìwé tí a ń fọwọ́ sí.
Níwájú Barría, R., ó kọ ọ́ pé: ó wọlé.
Níwájú Mansilla, O., ó kọ ọ́ pé: ó kú.
Ta ló fẹ́ kà á?

Afẹ́fẹ́ òkun ń já ìborùn mi gbà.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọwọ́,
òórùn ẹja ò lọ.
Kó máa bọ̀, òun ló san owó ilé-ẹ̀kọ́,
ó yẹ kó jókòó síwájú.
A ò tíì gúnlẹ̀ tí fóònù gbọ̀n nínú àpò mi:
iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti dé.

Mansilla, O. Ajé, òru.
Barría, R. Ajé, ìsinmi.