Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Jáde?

Ní Hrafnavík, létí òkun Áísílándì,
òkè ń yọjú lẹ́yìn abúlé
bí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sè.
Ọjọ́ mẹ́ta ni òjò dídì ti ń rọ̀ lé e lórí.
Ọ̀gá àwọn tó ń dóòlà ẹ̀mí ní,
"Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó lè ya lulẹ̀."
Ó ní kí Salvör bá òun to orúkọ.

Igba ènìyàn ó lé méje.
Ọkọ̀ mẹ́rin tó lè rìn lórí yìnyín.
Ọ̀nà kan.
Ẹ wá sọ fún mi pé iṣẹ́ ọmọdé ni títò.

Salvör jókòó ti kọ̀ǹpútà, kọfí rẹ̀ ti tutù.
Ó kọ ọ́ fún ẹ̀rọ pé:
kọ́kọ́ wo ilé, èyí tó súnmọ́ òkè jù ni kó ṣíwájú.
Bí ewu wọn bá dọ́gba, wo ọjọ́ orí,
kí àgbà ṣáájú.
Bí ọjọ́ orí bá tún dọ́gba, fi orúkọ là wọ́n,
orúkọ àbísọ o,
torí níbẹ̀, ọmọ Gunnar kàn jẹ́ ọmọ Gunnar ni,
kì í ṣe orúkọ tí wọ́n fi ń pe ènìyàn.

Ìbéèrè mẹ́ta, ìlà mẹ́ta.
Èkejì kò gbọdọ̀ lanu
àfi bí èkíní kò bá rí nǹkan sọ.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Orúkọ tú, wọ́n yí, wọ́n tò.
Ó ń kà á lọ sísàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Hallbera, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún,
tí ilé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi òkè ṣe ìrọ̀rí,
òun ló gbẹ̀yìn gbogbo ará ẹsẹ̀ òkè:
ó wà lẹ́yìn Þorgnýr, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
ó wà lẹ́yìn ọmọ ọdún méjì tí eyín rẹ̀ kò tíì pé.

Salvör wò ó, ó tún un wò.
Háà.
Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ọdún ni.
Bí a ṣe ń ka lẹ́tà ló ṣe ka nọ́ńbà,
ó wo èyí tó wà níwájú, ó rí oókan,
ó ní ẹẹ́sàn-án jù ú lọ, ó bá tirẹ̀ lọ.
Ogun tí ìyá yìí gbọ́ lórí rédíò,
ọkọ tó bá òkun lọ tí kò padà,
gbogbo rẹ̀ di oókan.
Ẹ̀rọ kò mọ àgbà. Ẹ ní kó kí i, kò ní kúnlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló fi tún un ṣe:
nọ́ńbà ni èyí, kà á bíi nọ́ńbà.
Hallbera bá gòkè,
orúnkún kò dùn ún.

Ó wá ku Bergsveinn méjì,
ilé wọn fara kanra, ọdún kan náà, orúkọ kan náà.
Ẹ̀rọ wọ̀n wọ́n, ó ní òdo.
Òdo túmọ̀ sí: n kò rí ìyàtọ̀,
kí wọ́n dúró bí mo ṣe bá wọn,
kí ẹni tó kọ́kọ́ wọ ìwé máa lọ níwájú.
(Lédè tèmi, nínú ìbejì,
ẹni tó kọ́kọ́ dé ni àbúrò.
Mo ń rò ó bí n óò ṣe kọ ìyẹn sínú kóòdù.)

Agogo mẹ́rin òru, ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà Hallbera.
Ó ti wọ kóòtù. Ó ti de bàtà.
Ó na ọ̀pá sí ilé kejì:
"Ọmọ yẹn ńkọ́? Ẹ mú òun àti ológbò rẹ̀ ná."
Wọ́n ní ìyá, ìwé ní ìwọ lo kàn.
Ó ní, "Mo ti tó kí ẹ tó tò mí."

Salvör gbọ́ ọ lórí rédíò.
Ó wo ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Ó fi ìka lé ibi tí ìkẹrin ìbá wà,
kò kọ nǹkan kan,
ó lọ tún omi kọfí gbé kaná.