Páànù Tó Bọ́ Sí Àgbàlá Mi

Múínátù ti ọ́fíìsì ilé-kíkọ́
mú ìwé òfin wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Pàkátà.
Ó ní kí irin máa de igi àjà mọ́ ògiri,
kí ìṣó máa dé fìlà,
kí páànù má tinrín bí háhá àgbàdo.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọmọ mi,
ta ni yóò ra fìlà fún ìṣó
nígbà tí orí onílé gan-an wà níhòòhò?"
Kò bínú.
Ó gbójú sókè wo òkúta méje àti táyà ògbólógbòó
tí mo fi tẹ òrùlé èmi alára,
ó ní, "Baba, òkúta kì í ṣe ìṣó.
Ọjọ́ tí yóò bọ́ ló ń dúró dè."

Àkọ́rọ̀ òjò dé lóru Jímọ̀.
Kí ẹ̀kán kan tó kán, ẹ̀fúùfù ti ṣáájú,
ó ń ṣí òrùlé wò bí ẹni ń ṣí ìkòkò.
Nǹkan já lulẹ̀ ní àgbàlá mi, gbàá!

Ilẹ̀ mọ́, mo yí i padà:
páànù kan, ihò mẹ́rin péré.
Ìṣó kan ṣì há sí i, ó tẹ̀ sósì.
Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kan ìṣó,
èmi nìkan ni, ní gbogbo àdúgbò yìí.

Ilé Sàláátù ni, opó Búsàrí.
Ó ti san owó mi pé.

Mo ru páànù náà lórí, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ.
Múínátù ti débẹ̀ ṣáájú mi,
àwọn ọmọ ń sá ẹní sóòrùn.
Kò bi mí ní nǹkan kan.
Ó na etí téèpù sí mi,
mo dì í mú.