Ẹkún Àlùbọ́sà

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má pè mí ní ìràwọ̀.
Ìràwọ̀ kì í fọ àwo.
Ìdí ààrò lẹ bá mi, ní Òkè-Fìà níbí,
mò ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà,
awò ojú mi ń yọ̀ bọ́ sórí imú.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí
nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lé tìróò fún mi,
tí ọ̀gá kan tó ń mu sìgá ní kí n sunkún.
Mo ní, "Ta ló kú?"
Ó ní, "Kò sẹ́ni tó kú. Ìwọ ṣáà sunkún."
Wọ́n fi àlùbọ́sà ra mí lábẹ́ ojú.
Láti ọjọ́ náà, fún ọdún mẹ́tàlá gbáko,
mo ń kú nínú òjò tí wọ́n fi rọ́bà omi rọ̀ lé mi lórí,
mo ń fẹ́ ọkùnrin lóríṣiríṣi
tí n kò mọ ilé ìyá ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.

Bàbá mi ò wo ìkankan rí.
Ó ní ọmọ tó bá ń jó fún ojú tí kò mọ̀
ti pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀.
Àmọ́ òrùlé tó sùn sábẹ́ rẹ̀ títí ó fi dàgbà,
owó ẹsẹ̀ yẹn ni.

Ọkọ mi, ẹnjiníà, èèyàn jẹ́jẹ́,
gírísì kì í kúrò ní èékánná rẹ̀.
Iṣẹ́ irin ló gbé e wá sí Òṣogbo,
mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú àpótí méjì.
Ọdún méjì péré la pè é.
Ẹ wo irun mi.

Lọ́dún kẹta, Sàbítíyù ará Àlékúwodò,
tó ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà wa,
fà mí lọ́wọ́ lọ sí sinimá nítòsí rélùwéè.
"Fíìmù Íńdíà ni, ẹ ó bá wa túmọ̀ rẹ̀."
Bẹ́ǹṣì líle. Òórùn ẹ̀pà yíyan. Èrò bí eéṣú.
Iná kú,
ni mo bá rí ara mi,
mo ga tó ilé alájà kan,
mò ń sáré bọ̀ láàárín òdòdó,
ìlà funfun ti gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kọjá
níbi tí fíìmù ti gbó.

Kò sẹ́ni tó nílò ògbufọ̀.
Àwọn ọmọ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀
ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ kí n tó lanu.
Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ń kú,
Sàbítíyù di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún gidi,
ẹkún tí kò ní àlùbọ́sà nínú.
Ó yíjú sí mi nínú òkùnkùn:
"Ẹ wò ó, obìnrin yìí jọ yín díẹ̀ o.
Àmọ́ ó lẹ́wà jù yín lọ."
Mo ní, "Òótọ́ ni."
N kò sọ fún un títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ẹ ní kí n sọ ohun tí mo gbà gbọ́.
Ìyá mi a máa tan àtùpà nírọ̀lẹ́;
èmi náà ń tàn án, lórí fìríìjì,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọkọ mi.
Àwọn aládùúgbò a ní, "Ìyá Íńdíà,
ṣebí ọ̀kan náà ni odò tiyín àti Ọ̀ṣun?"
Rárá o.
Odò tó gbé eérú ìyá mi lọ kò mọ orúkọ èyí.
Èyí náà ò sì bi mí níbi tí mo ti wá
lọ́jọ́ tí mo gbé ọ̀fọ̀ ọkọ lọ jókòó sétí rẹ̀.

Èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí kò ju báyìí lọ:
mo fi ọdún mẹ́tàlá purọ́ ẹkún,
ẹnì kan sì gbà á lọ́wọ́ mi nínú òkùnkùn,
ó sọ ọ́ di òótọ́.

Ó tó. Ẹ sún mọ́ ibí,
ojú mi ò ríran bíi tàná.
Ẹ bá mi wò ó:
ṣé òkúta nìyí, àbí ẹ̀wà?