Ọgbọ̀n Ọjọ́

Ní erékùṣù Sandoy, òjò ń na fèrèsé.
Rannvá jókòó ti kọ̀ǹpútà, kò mọ kóòdù kan;
ilé tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀ ni wọ́n gbé fún un:
kùn ún, to ẹrù sí i, ṣílẹ̀kùn.
Ó to irun àgùntàn, ó kọ iye owó sábẹ́ rẹ̀.
Ó wá ku ojú ewé "Nípa Wa".
Àpótí náà ṣófo,
ìlà tín-ínrín ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀ bí ẹni wá sin gbèsè.

"Bàbá, ta ni wá?"
Jógvan ní, "Kọ ọ́ pé ara àwọn àgùntàn le."

Ó fi fọ́tò ìyá rẹ̀ síbẹ̀, abẹ́rẹ́ ìhunṣọ lọ́wọ́ ìyá.
Bàbá wò ó, kò fọhùn.
Lóru ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ dànù.

Ẹ̀rọ ò bínú. Ó ní:
"Ó wà nínú pàǹtírí. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni mo fún ọ."
Ikú ò fún wọn ní ọ̀sán kan.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ilẹ̀ ò tíì mọ́,
Rannvá bá a lórí àga, awò lójú, ọwọ́ ń gbọ̀n:
"Ibo ni wọ́n ń tẹ̀
tí wọ́n bá fẹ́ kó padà?"